A dúpẹ́ lọ́wọ́ Gernot Rohr, ṣùgbọ́n a ní ìbéèrè

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2026, nígbà tí Mohamed Salah gbá góòlù kẹta Íjíbítì wọlé ní Agadir, kò sẹ́ni tó pariwo ní Ìta-Djèbou. Àwọn tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú gbé àga rẹ̀, wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀, wọ́n sì lọ sílé. Íjíbítì 3, Bénin 1, lẹ́yìn àfikún àkókò. Báyìí ni ìrìn àjò àwọn Guépards wa ṣe parí ní CAN ilẹ̀ Mòrókò.

Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú àwọn èèyàn. Ó dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà, a ti rí i rí ní Uyo, a ti rí i ní Abidjan: ẹgbẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. A ò kọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ló ń bá a wí, àwa tá a sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí wọn.

Ibi tá a ti ń bọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sòótọ́. Nígbà tí Gernot Rohr gba iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2023, nǹkan ò dáa fún ẹgbẹ́ wa. A ò lọ sí CAN tí wọ́n ṣe ní Kamẹrúùnù. Eré ìyege fún ti Côte d'Ivoire, ó bá a ní àárín ọ̀nà, ibẹ̀ náà a ò sì dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ ẹgbẹ́ padà lọ́dún 2022: Écureuils, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, di Guépards, ẹranko tí kò sí ẹranko orí ilẹ̀ tó lè sáré jù ú lọ. Orúkọ tuntun ti dé, ṣùgbọ́n èsì tuntun kò tíì dé.

Rohr kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ Jámánì ni, ilẹ̀ Faransé ló sì ti ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ jù. Òun ló darí Bordeaux dé àṣekágbá Ife UEFA lọ́dún 1996. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Gabon, ní Niger àti ní Burkina Faso. Àwa tá a wà lẹ́bàá ẹnubodè yìí, ẹnì kan ò níláti wá júwe rẹ̀ fún wa, torí láti 2016 sí 2021, òun ni kóòṣì Super Eagles. Ó mú wọn lọ sí Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018, ó sì gba ipò kẹta pẹ̀lú wọn ní CAN 2019. Gbogbo ìyẹn, a rí i lójú wa, torí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà kò mọ ẹnubodè.

Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, láàárín ọjọ́ márùn-ún péré, a na Rwanda 1-0, a sì na Nàìjíríà 2-1, méjèèjì ní Abidjan. A padà sí CAN lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2025, a na Botswana 1-0. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Láti ìgbà tí Bénin ti ń lọ sí CAN, láti ọdún 2004, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tá a máa borí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kódà lọ́dún 2019 tí Michel Dussuyer mú wa dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ọ̀mì lásán la fi dé ibẹ̀, pẹnáritì la fi yọ Mòrókò.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Rohr ò ṣe nǹkan kan, kò sòótọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í dí ẹnu ìbéèrè.

Kì í ṣe Uyo la ti pàdánù

Gbogbo èèyàn ló rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun náà kì í ṣe tiwa. A lọ sí Uyo pẹ̀lú àmì 17. Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Ká borí péré, ká wà ní Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Bénin ti jẹ́ Bénin. Ìṣẹ́jú kẹta, Victor Osimhen ti gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Kó tó di pé wọ́n lọ sinmi, ó ti di méjì. Lẹ́yìn ìsinmi, ó gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Frank Onyeka wá fi ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kún un nígbà tí eré ti fẹ́ parí. Nàìjíríà 4, Bénin 0.

Láti ọjọ́ náà, tẹ́ ẹ bá jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ní Sakété tàbí ní Pobè, ọ̀rọ̀ Uyo ni wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní Uyo ló gba Ife Àgbáyé lọ́wọ́ wa. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé àti bírò, ká ṣe ìṣirò kékeré kan.

Níparí gbogbo rẹ̀, Gúúsù Áfíríkà ní àmì 18, Nàìjíríà 17, àwa náà 17. Ìyàtọ̀ góòlù ni Nàìjíríà fi wà níwájú wa: tiwọn jẹ́ 7, tiwa jẹ́ 1. Nínú eré 10 tá a ṣe, a borí 5, a ta ọ̀mì 2, a fìdí rẹmi ní 3. Àwọn ọ̀mì méjì yẹn gan-an ni ká wò. Ta la bá ta á? Àkọ́kọ́, Lesotho, 0-0, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Èkejì, Zimbabwe, 2-2, ní oṣù kẹta ọdún 2025. Zimbabwe yìí kan náà ló gbẹ́yìn ìsọ̀rí wa. Nínú eré 10, kò borí ẹnikẹ́ni rárá.

Ẹ wá wò ó báyìí: ká ní a borí ọ̀kan péré nínú àwọn méjèèjì yẹn, àmì wa ì bá di 19. Gúúsù Áfíríkà ní 18. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ì bá lọ sí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, kódà bí Nàìjíríà tiẹ̀ na wa 4-0 ní Uyo! Osimhen ì bá gbá mẹ́ta wọlé, àwa ì bá ṣì máa jó.

Nítorí náà, kì í ṣe iwájú erin la ti ṣubú, iwájú ewúrẹ́ ni.

Níbi tí ọ̀nà tí kóòṣì ń gbà ṣe é ti jìn sí wa

Kí wá ni ìṣòro náà? Gbogbo ẹni tó bá ti wo Guépards lẹ́ẹ̀mẹta ló lè júwe bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á so ilé mọ́ra, wọ́n á dúró de alátakò. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á gbá a gígùn síwájú, kí Steve Mounié fi orí kàn án, kí ẹlòmíràn bíi Jodel Dossou sáré tẹ̀lé e. Ọ̀nà yìí kò burú o. Òun la fi na Nàìjíríà lọ́dún 2024: Dossou gbá ti àkọ́kọ́, Mounié gbá ti èkejì. Níwájú ẹgbẹ́ tó ju ìwọ lọ, tó ń bọ̀ wá bá ẹ, ìdúró náà lọ́gbọ́n nínú.

Ṣùgbọ́n Lesotho kò bọ̀ wá bá wa. Lesotho náà jókòó sílé rẹ̀. Ẹni méjì tó jókòó de ara wọn, ta ló máa kan ilẹ̀kùn? Ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ti kúrú. Nínú eré 10 yẹn, góòlù 12 la gbá wọlé. Mẹ́rin nínú rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo la gbá a, lọ́jọ́ tá a na Lesotho 4-0 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ó ku 8 nínú eré 9. Yàtọ̀ sí ọjọ́ Lesotho yẹn, a ò fi ju góòlù kan lọ borí ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbé ayé góòlù kan, ọjọ́ tí ọ̀kan yẹn ò bá wá, ebi ni.

Wàhálà kejì ni pé ìdúró náà kì í fìgbà gbogbo dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Abidjan, Mohamed Tijani gbá góòlù sínú ilé Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú 16. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú eré náà, ẹ̀ṣọ́ la ń ṣe. Osimhen sì dá a padà ní ìṣẹ́jú 81. Ní Uyo, ìgbà méjì la lọ lábẹ́ Rohr: 3-0 lọ́dún 2024, 4-0 lọ́dún 2025. Góòlù méje wọlé wa, a ò gbá ẹyọ kan padà. Ẹni tí wọ́n nà lójú ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan, tó tún gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá lọ́nà kan náà, ṣé kò yẹ ká bi í ní ohun tó ń rò?

CAN ilẹ̀ Mòrókò tún fi èdìdì dì í. Eré mẹ́rin, góòlù méjì. Ọ̀kan nínú méjèèjì, Yohan Roche ló gbá a, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ ẹ̀yìn. Ilẹ̀ Kóńgò na wa 1-0, Sẹ̀nẹ̀gàl na wa 3-0. Botswana tí a na 1-0 tá a fi ń yọ̀, Sẹ̀nẹ̀gàl nà án 3-0, Kóńgò náà nà án 3-0.

Eré Íjíbítì ló wá dùn wá jù. Ẹ rántí: Íjíbítì ti gba ife yẹn lẹ́ẹ̀meje. Títí di ìṣẹ́jú 69, ó ṣì jẹ́ 0-0, a dúró, a ṣọ́lé. Marwan Attia wá gbá góòlù wọn wọlé. Nígbà náà ni àwọn ọmọ wa tó jáde, wọ́n lọ bá wọn nílé wọn, nígbà tó sì di ìṣẹ́jú 83, Dossou dá a padà. Gbogbo Ìta-Djèbou ló fò sókè! Ẹ ò rí i? Wọ́n lè ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá péré ni wọ́n fi kọlu Íjíbítì, wọ́n sì rí góòlù. Ìbéèrè wa nìyí: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ó dìgbà tí wọ́n bá nà wá ká tó jáde? Àfikún àkókò dé, a tún padà sẹ́yìn, Yasser Ibrahim gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì, Salah sì parí rẹ̀.

Àwa tá à ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ lọ́la, a mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó lóye, kì í ṣe òmùgọ̀, ṣùgbọ́n 10 lórí 20 ló máa ń wá. Tó bá ti rí 10, á gbé bírò sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìdánwò bá rọrùn, á ní 11. Lọ́jọ́ tó bá le, á ní 9, á sì wá sunkún pé àmì kan péré ló kù. A kì í sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kò ní làákàyè. A máa ń sọ fún un pé kó máa wá 15, kí ọjọ́ burúkú rẹ̀ lè jẹ́ 12. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Guépards rí. Wọ́n yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀kẹ́rẹ́ ò tíì kúrò lára: tó bá gbúròó nǹkan, igi ló ń sá gùn.

Ohun tí kóòṣì lè fi dá wa lóhùn

A gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ náà. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àkọ́kọ́, kò ní ilé. Nínú eré ìyege Ife Àgbáyé, gbogbo eré tó yẹ ká gbà nílé, Abidjan la ti gbà á, torí CAF ò fọwọ́ sí pápá Cotonou. Nàìjíríà ní Uyo tiwọn, níbi tí èrò ń pariwo. Tiwa, ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó, kó múra láti la Tógò àti Gánà kọjá. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi kóòṣì.

Èkejì, iye agbábọ́ọ̀lù tó wà níwájú rẹ̀ kò pọ̀. Tí Nàìjíríà bá pàdánù ẹnì kan, mẹ́wàá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa, tí Mounié bá farapa, kálukú á máa wo ara wọn. Ẹ ò lè fi iyán àná bá alájẹyó díje.

Ẹ̀kẹta, ìwà yìí ti wà kó tó dé. Lọ́dún 2019, ìdúró náà la fi dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Nàìjíríà náà ráhùn nípa ọgbọ́n eré Rohr nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, wọn ò lọ sí Ife Àgbáyé 2022, wọn ò sì lọ sí ti 2026. Ilẹ̀ Kóńgò ló fi pẹnáritì yọ wọ́n ní Rabat ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ẹni tó lé kóòṣì, kó mọ ẹni tó máa gbà.

Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, a sì gbà. Ṣùgbọ́n Cap-Vert kò tóbi tó wa, iye èèyàn wọn kò pọ̀ tó wa rárá. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ kan ṣáájú Uyo, wọ́n wọ Ife Àgbáyé, wọ́n fi Kamẹrúùnù sẹ́yìn. Kíkéré kì í ṣe ìdí láti máa sá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá níbí

Ẹlòmíràn lè bi wá pé bọ́ọ̀lù lásán ni, kí ló kan àwọn ará Ìta-Djèbou? Ó kàn wá ju bó ṣe kan ará Cotonou lọ. Níhìn-ín, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Sakété ní ẹ̀gbọ́n ní Ìdí-Ìrókò. Èdè kan náà là ń sọ, ọjà kan náà là ń ná. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀wù Super Eagles ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń wọ̀, torí ti Bénin ò fún wọn ní nǹkan tí wọ́n lè fi yangàn. Tó bá di ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ọmọ á bi bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, ta làwa?" Ìbéèrè yẹn le ju bó ṣe dún létí lọ.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024 yí nǹkan padà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa la ń pe àwọn ẹbí wa lódìkejì lórí fóònù, à ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀wù Bénin. Nígbà tí Tosin Aiyegun gbá góòlù tá a fi na Rwanda ní Kigali lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2025, inú wọn dùn ní ìlọ́po méjì: ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, tó ń jẹ́ orúkọ tiwa, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bénin. Junior Olaitan náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò ní láti béèrè mọ́ pé ta lòun.

Ohun tó wà nínú ewu nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ ìyàtọ̀ góòlù. Ohun tó mọ̀ ni bóyá ẹgbẹ́ òun ń bẹ̀rù tàbí kò bẹ̀rù. Tí wọ́n bá nà wá níbi tá a ti ń jà, á sunkún, á sì tún wọ ẹ̀wù náà lọ́la. Tí wọ́n bá nà wá níbi tá a ti ń sá, á bọ́ ọ, á fi pamọ́.

Ohun tí a ń béèrè

A ò béèrè pé kí wọ́n lé Rohr. Ohun mẹ́ta la ń béèrè, yálà òun ló máa ṣe é ni o, tàbí ẹlòmíràn tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkíní, kí ọ̀nà méjì wà. Ọ̀nà tí a ń gbà níwájú Nàìjíríà kò yẹ kó jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà níwájú Lesotho. Aṣọ òtútù kò wà fún ọ̀gbẹlẹ̀. Níwájú àwọn tí kò jù wá lọ, kí a jáde láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí bọ́ọ̀lù gba àárín pápá kọjá lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ bíi Olaitan, kó má kàn máa fò lórí wọn lọ.

Èkejì, kí a má máa dúró dìgbà tí wọ́n bá nà wá ká tó pààrọ̀ èèyàn, ká tó pààrọ̀ èrò. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tá a fi kọlu Íjíbítì yẹn, ẹ jẹ́ kó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ̀kẹta, èyí kì í ṣe ti kóòṣì nìkan: kí àwọn aláṣẹ parí ọ̀rọ̀ pápá, kí Guépards padà wá gbá bọ́ọ̀lù nílé. Kí wọ́n sì tún wo àwọn kíláàsì eré ìdárayá tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. A ti rí i pé àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn mú. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ́ wọn ni wọ́n máa mọ̀. Tó bá jẹ́ pé "gbá a jáde, má jẹ́ kó wọlé" nìkan ni ọmọ ń gbọ́ láti ọmọ ọdún méjìlá, kóòṣì wo ló máa wá sọ ọ́ di ẹni tó ń gbá góòlù wọlé nígbà tó bá di ọmọ ogún ọdún?

CAN 2027 ń bọ̀ ní Kenya, Tanzania àti Uganda. A ó tún gbé àga jáde síwájú tẹlifíṣọ̀n. A ò ní kí wọ́n borí gbogbo ènìyàn. Ká ṣáà rí i pé wọ́n jáde lọ wá góòlù kí wọ́n tó nà wá. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́ ni ti ọjọ́ tí nǹkan bá dùn; àwa, kódà lọ́jọ́ tí kò bá dùn, a máa wà níbẹ̀.